Klórínì ń pọ̀ jù lówùúrọ̀, ó ń dín lálẹ́: kí ló ń ṣe pọ́ǹpù dáyáfírámù yìí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mò ń bójú tó omi ní ẹ́sítéètì kan ní Kubwa níbí. Kànga-ẹ̀rọ wa ń gbé bíi lítà 8,000 jáde ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù dáyáfírámù kékeré kan, èyí tó ń fi kọ́ìlì iná ta rọ́bà, ló ń fún klórínì sínú páìpù. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé lítà 6 ní wákàtí, tí pírẹ́ṣọ̀ iwájú bá jẹ́ 7 bar. Páúdà klórínì 65% ni mo ń lò, kílò kan sínú àgbá omi lítà 200.

Wàhálà mi rèé. Omi táńkì ilẹ̀ ń rùn lówùúrọ̀ débi pé màmá kan bi mí lánàá bóyá mo ń fọ aṣọ sínú ẹ̀ ni. Mo wọ̀n ọ́n: klórínì tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2.3 nínú lítà kan. Mo wọn omi táńkì òkè nírọ̀lẹ́: 0.3. Pọ́ǹpù kan náà, stroke kan náà (ìyẹn bí rọ́bà ṣe ń rìn jìnnà tó), n ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi ní mo ń mutí ni mo fi ń da klórínì bó ṣe wù mí. N kì í mutí o.

Mo ti pààrọ̀ rọ́bà dáyáfírámù, kò yàtọ̀. Ẹ gbà mí.

Alájàpá Dei-Dei

Àbúrò, pọ́ǹpù yẹn ti kéré, ó ń rẹ̀ ẹ́ ni. Yà sí ìsọ̀ wa ní Dei-Dei, mo ní èyí tó ń gbé lítà 30. Tó o bá gbé stroke ẹ̀ wálẹ̀ sí 10 nínú 100, kò ní máa lágùn.

Ìyá Ìbejì Sharada

Ẹ̀yin oníṣòwò yìí náà! Ọmọ yẹn ní klórínì ń pọ̀ jù, ẹ ní kó lọ ra èyí tó tóbi sí i. Kubwa, má tíì rà nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n Kàdúná máa dé, òun ló mọ ọ̀rọ̀ klórínì. Tèmi, ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni wá ní Kano níbí, pọ́ǹpù tí afẹ́fẹ́ ń tì la ń lò.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Mo ti dé. Kí n tó sọ̀rọ̀, dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni àgbá klórínì wà, ṣé òkè ni àbí ilẹ̀? Géèjì tó wà níbi tí klórínì ti ń wọ páìpù, eélòó ló ń kà nígbà tí omi bá ń lọ sí táńkì òkè, eélòó nígbà tó bá ń lọ sí táńkì ilẹ̀? Ẹ̀kẹta, ṣé fáàfù kankan wà lójú ọ̀nà láàárín pọ́ǹpù àti páìpù, yàtọ̀ sí nón-rítọ̀ọ̀nù kékeré ẹnu rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Orí pèpéle kọnkéré tí fíltà jókòó sí ni àgbá wà, ó fi bíi mítà méjì ga ju ibi tí klórínì ń gbà wọlé lọ. Ẹni tó ṣe é ṣáájú mi ló gbé e síbẹ̀, ó ní kí pọ́ǹpù má baà máa fà láti ìsàlẹ̀. Géèjì: táńkì òkè, 2.8 bar. Táńkì ilẹ̀, abẹ́rẹ́ ò fẹ́ẹ̀ mira, kò tó 0.1 tí mo rí kà. Kò sí fáàfù mìíràn rárá.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Jókòó, ó máa gùn díẹ̀.

Pọ́ǹpù dáyáfírámù kì í ṣe àjòjì sí wa, ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni. Rọ́bà lọ síwájú, rọ́bà padà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kékeré méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ló ń pinnu ibi tí omi máa gbà. Lórí ìwé, tó o bá ti mọ bí rọ́bà ṣe ń rìn jìnnà tó àti iye ìgbà tó ń rìn ní ìṣẹ́jú kan, o ti mọ iye tó ń jáde nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi gbà pé pírẹ́ṣọ̀ ò kan pọ́ǹpù yìí, pé ohun tí wọ́n bá ní kó gbé ló máa gbé.

Irọ́ ni. Bí pírẹ́ṣọ̀ iwájú bá ga, rọ́bà á kọ́kọ́ wú sẹ́yìn kó tó lè ti nǹkan. Ìwọ̀n tó fi wú yẹn, kò gbé omi kankan jáde. Bọ́ọ̀lù kì í sì jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, díẹ̀ á yọ́ padà kó tó dé ààyè rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú orí pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ yẹn ni rọ́bà á kọ́kọ́ máa fún pọ̀. Àwọn oní-kọ́ìlì bíi tìrẹ ló máa ń dà jù lórí èyí. Èyí tí òróró ń ti rọ́bà ẹ̀ láti ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, torí òróró gbé rọ́bà náà ró láti ẹ̀yìn, kò lè wú. Òun la lò láyé ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní API 675 fẹ́ kí irú rẹ̀ má yẹ̀ ju ìdá 1 nínú 100 lọ tí ipò iṣẹ́ ò bá yí padà. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa: tí ipò iṣẹ́ ò bá yí padà. Tìrẹ ń yí padà láti 2.8 sí ohun tí kò tó 0.1 lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n rọ́bà wíwú nìkan ò lè gbé 0.3 dé 2.3. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, mo sì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé o ti rí bí wọ́n ṣe ń fi họ́ọ̀sì fa epo lára ọkọ̀ nígbà tí epo wọ́n? Ẹnu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí epo bá ti gba orí họ́ọ̀sì kọjá, ó ń dà fúnra ẹ̀. Àgbá rẹ wà lókè, páìpù wà nísàlẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ inú páìpù ò sì tó nǹkan nígbà tí omi ń lọ sí táńkì ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjèèjì inú pọ́ǹpù, síwájú ni wọ́n ń ṣí. Kí ló fẹ́ dá klórínì dúró?

Dán an wò lọ́la. Fa klórínì láti inú sílíńdà tí wọ́n là mílílítà sí lára dípò àgbá, ní gíga kan náà. Ṣí ọ̀nà táńkì ilẹ̀. Pa pọ́ǹpù. Kó o wá máa wo sílíńdà.

Àyàn Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gbé àgbá yẹn wálẹ̀ o. Ẹ̀gbẹ́ tó ń fà ló ń pa pọ́ǹpù dáyáfírámù jù. Klórínì olómi máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, pàápàá nínú ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin. Tí pọ́ǹpù bá wà lókè tó ń fà láti ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á kó sínú orí ẹ̀, á máa ta, á máa ta, kò ní gbé nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwa lórí òkè níbí, a fi bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ wa fẹ́lẹ́. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ lè gbé omi sókè tó mítà mẹ́wàá àti díẹ̀ nínú páìpù tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ní Jọ́ọ̀sì, bíi mẹ́sàn-án péré. Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ò wá tó ìdajì ìyẹn. Àgbá òkè ló dáa.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Àyàn, òótọ́ lo sọ. Àgbá òkè ń ran ẹ̀gbẹ́ tó ń fà lọ́wọ́, òun náà ló sì ń ba ẹ̀gbẹ́ tó ń tì jẹ́. Ẹni tó gbé àgbá náà sókè ro ọwọ́ òsì, kò ro ọwọ́ ọ̀tún. Kì í ṣe àgbá la máa gbé kúrò, ohun tí kò sí lójú ọ̀nà la máa fi sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wọn nǹkan ná.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

Mo ṣe é láàárọ̀ yìí, aago mẹ́fà àbọ̀. Mo fi tẹ́èpù lẹ sílíńdà mọ́ ara àgbá kí gíga wọn bára mu. Táńkì òkè, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́: mílílítà 42 ní ìṣẹ́jú kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, 42, 41, 42. Táńkì ilẹ̀: 70, 73, 69.

Mo wá pa pọ́ǹpù. Mo yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pàápàá kó dá mi lójú. Mo dúró. Omi inú sílíńdà wà lójú 400. Mo ń wò ó, ó kúrò lójú ìlà. Mo rò pé ojú mi ni. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ó ti wà ní 382. Èkejì, 364. Pọ́ǹpù ò níná lára, klórínì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òru la máa ń ṣí ọ̀nà táńkì ilẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ láago mẹ́wàá, tí omi dúró, klórínì ò dúró. Mo pe ọ̀gá mi wá wò ó. Kò sọ nǹkan kan nípa ọtí mọ́.

Ìyá Ìbejì Sharada

Mílílítà 18 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn lítà kan àti díẹ̀ ní wákàtí, láti òru dé ìdájí. Abájọ tí màmá yẹn fi ní o ń fọ aṣọ.

Kí n sọ tèmi nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń mí. Pọ́ǹpù dáyáfírámù oní-rọ́bà méjì tí afẹ́fẹ́ ń tì, irú èyí tí Jim Wilden ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1955, la fi ń gbé ọ̀dà látinú ìkòkò ńlá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dì í sí kẹ́ẹ̀gì. Ìyẹn kò níye tó dá lé rárá. Ohun tó ń gbé kiri ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín pírẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tí ẹ fún un àti pírẹ́ṣọ̀ tó bá pàdé níwájú. Ẹ fún un ní 6 bar, iwájú gba 2.5, ó ṣẹ́ku 3.5 tó fi ń sáré. Kò lè ti nǹkan ju afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ fún un lọ: tí iwájú bá dé 6, á kàn dúró jẹ́ẹ́ ni, kò ní jóná, kò ní bẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ fún fíltà tí wọ́n ń pè ní filter press, tó ń fún omi kúrò lára ẹrẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ awọ ní Challawa ní Kano níbí: bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń dí fíltà, pírẹ́ṣọ̀ ń gòkè, pọ́ǹpù ń falẹ̀ fúnra ẹ̀ títí á fi dúró.

Ṣùgbọ́n ní ti kẹ́ẹ̀gì tí a fẹ́ kó máa kún dọ́gba, ogun ni. Ọdún kan gbáko la fi ń jà, kẹ́ẹ̀gì kan kún, èyí tó tẹ̀ lé e ò kún. A tú pọ́ǹpù, a pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, a bú ẹni tó tà á fún wa. Ọjọ́ kan ni mo kàn jókòó ti géèjì afẹ́fẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń de ìdérí bá ta "fìṣì", abẹ́rẹ́ ń já láti 6 sí 4. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń mu nínú ẹ̀! Ẹ yọ 2.5 kúrò nínú 4, ẹ rí i pé agbára tó kù ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. A gbé táńkì afẹ́fẹ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, nón-rítọ̀ọ̀nù níwájú ẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, a sì pààrọ̀ họ́ọ̀sì tín-ín-rín sí èyí tó nípọn. Ó parí. Ẹni tí a bú, a ò tíì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ o.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń ní ọyẹ́ ló ń mú kí yìnyín di sàìlẹ́ńsà pọ́ǹpù náà. Ìgbà òjò ló máa ń dì jù. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń di yìnyín nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tú jáde, ọyẹ́ sì gbẹ. Eruku ni tọyẹ́: ẹ fọ fíltà kọ̀mpírẹ́sọ̀ yín.

Alájàpá Dei-Dei

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ló burú nínú èyí tó tóbi tẹ́ ẹ bá gbé e wálẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Ohun tó burú ni pé bí stroke bá kúrú, ìwọ̀n kékeré tí rọ́bà fi ń wú yẹn á di ńlá lára ohun tó ń gbé. Pọ́ǹpù lítà 30 tí wọ́n há mọ́ 10 nínú 100, pírẹ́ṣọ̀ díẹ̀ ni á fi ṣeré. Mo máa ń fẹ́ kí pọ́ǹpù mi wà láàárín 40 sí 80. Nítorí náà, tà á fún ẹlòmíràn.

Kubwa, ohun tó o máa rà rèé, kò sì wọ́n bíi pọ́ǹpù: back pressure valve. Sípíríǹgì àti rọ́bà ló wà nínú ẹ̀. O máa yí ìdè orí ẹ̀ títí pọ́ǹpù kò fi ní lè kọjá àfi tó bá ti dé iye tó o fẹ́. Tìrẹ, yí i sí nǹkan bíi 3.5, kó ju 2.8 rẹ lọ dáadáa. Pọ́ǹpù rẹ lè gbé 7, kò ní rí ìyọnu. Láti ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ táńkì òkè, ì báà jẹ́ ti ilẹ̀, bíi 3.5 ni pọ́ǹpù á máa rí níwájú ẹ̀. N ò ní á dọ́gba gẹ́lẹ́ o, ṣùgbọ́n 42 àti 70 kò ní sí mọ́. Klórínì tó sì fẹ́ yọ́ wálẹ̀ lóru, mítà méjì tó fi ga kò ju 0.2 bar lọ, kò lè ṣí ìlẹ̀kùn 3.5.

Ìtòsí ibi tí klórínì ń gbà wọlé ni kó o fi í sí, kì í ṣe ẹnu pọ́ǹpù. Fi fáàfù ààbò sí ẹnu pọ́ǹpù, kí páìpù rẹ̀ máa dà padà sínú àgbá, torí pọ́ǹpù yìí kò dà bíi ti Ìyá Ìbejì, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ẹnìkan ti ti fáàfù mọ́ tèmi rí, họ́ọ̀sì já, ojú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ló bá a. Ojú rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Àti géèjì rẹ: tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ bá ń jó, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Pọ́ǹpù olórí kan kì í da omi jáde bí ẹ̀rọ omi ilé. Ó ta, ó sinmi. Lára èyí tí mọ́tò ń yí, láàárín stroke, omi ń sáré ju ìlọ́po mẹ́ta ìpíndọ́gba rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó gùn fi ń gbọ̀n. Tìrẹ kúrú, fi í sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá gùn, kó fi dámpà síwájú, ìyẹn ìkòkò kékeré tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rọ́bà ẹ̀, tó ń gba ìta yẹn mọ́ra. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀, ẹ kún un dé bíi ìdá 60 sí 80 nínú 100 pírẹ́ṣọ̀ iṣẹ́, nígbà tí páìpù bá ṣófo. Dámpà tí kò ní back pressure valve níwájú, tí páìpù sì ṣí sínú táńkì lásán, ọ̀ṣọ́ ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá mi ní òpin oṣù ni owó máa jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ṣì kù. Kí ni mo lè ṣe títí ìgbà yẹn?

Àyàn Jọ́ọ̀sì

Ṣé gate valve, fáàfù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí pa, wà lójú ọ̀nà táńkì ilẹ̀? Tì í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi ń lọ, títí géèjì á fi ka 2.5. Omi á dín díẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù klórínì ò ní mọ̀ bóyá òkè lo wà tàbí ilẹ̀. Tó o bá ti pa ẹ̀rọ lálẹ́, ti ẹnu họ́ọ̀sì klórínì pa pẹ̀lú ọwọ́. Ìdájí, kó o tó tan nǹkankan, ṣí i. Kọ ọ́ sára ògiri.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń ṣe bí Àyàn ṣe wí. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: ṢÍ KLÓRÍNÌ KÍ O TÓ TAN PỌ́ǸPÙ. Táńkì ilẹ̀, 0.6 lówùúrọ̀. Táńkì òkè ṣì wà ní 0.3, mo gbé stroke sókè díẹ̀, ó ti di 0.5. Màmá yẹn kí mi lónìí.

Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tí mo tú orí pọ́ǹpù, nǹkan funfun le bíi ẹfun yí bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ká, kò jẹ́ kó jókòó dáadáa. Ẹnìkan ní kí n da ásíìdì bátìrì sí i.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná

Rárá o! Kálísíọ̀mù inú páúdà ló dì bẹ́ẹ̀. Tí ásíìdì bá kan klórínì, éèfín tó máa jáde lè pa èèyàn nínú yàrá kékeré. Tú orí náà, fi omi púpọ̀ ṣàn án títí kò fi ní rùn klórínì mọ́ rárá, gbé e síta gbangba, kó o wá rẹ ẹ́ sínú fínígà ti ilé ìdáná fún bíi wákàtí kan. Tún fi omi ṣàn án kó o tó tò ó padà. Láti ìsinsìnyí, po páúdà sínú àgbá lálẹ́, jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ di ìdájí, kí ẹnu ohun tó ń fà á má sì kan ìdí àgbá. Fi ìka mẹ́rin sílẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń lọ ra fínígà. Alájàpá, ṣé ẹ ní back pressure valve ní ìsọ̀ yín?

Alájàpá Dei-Dei

Ó wà. Wá pẹ̀lú ìwọ̀n họ́ọ̀sì rẹ, má jẹ́ kí n tún tà èyí tó tóbi jù fún ẹ.